Ẹ ṣírò ihò náà kí ẹ tó bọ́ sínú rẹ̀: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ sọ́fúwíà kéékèèké

Ẹ̀yin olùdarí wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ̀yin tí à ń kọ̀wé sí ni ẹ ní sọ́fúwíà kan tàbí méjì tí àwọn èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n ń gbé sórí kọ̀ǹpútà wọn, tí wọ́n sì ń lò fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n tó tún padà wá bá yín. Ní báyìí ẹ ti ń gbèrò láti fòpin sí irú títà bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa gba owó oṣooṣù. A ò ní kí ẹ má ṣe é. Ohun méjì la ń bẹ̀ yín fún: ẹ ṣírò rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ tó kéde, torí irú ìkéde yìí kì í ṣe é kó padà bọ̀rọ̀, kí ẹ sì gba owó oṣooṣù lórí ohun tó ń ná ẹ̀yin náà lówó lóṣooṣù.

Ká sọ pé sọ́fúwíà yín ń lọ ní $120, tí ẹ sì ń rí oníbàárà tuntun 100 lóṣù. $12,000 ló ń wọlé lóṣù nìyẹn. Ẹnìkan nínú yín wá dábàá pé kí oníkálukú máa san $4 lóṣù, torí pé oṣù 30 ti tó láti pé $120, gbogbo ohun tó bá wọlé lẹ́yìn ìyẹn sì di èrè. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló máa dúró. Bí ẹni 3 nínú ọgọ́rùn-ún bá ń já kúrò lóṣooṣù, èyí tí kò burú rárá fún ọjà tí àwọn aráàlú ń fi owó ara wọn rà, ní oṣù kejìlá ẹ óò ní oníbàárà 1,020, owó oṣù náà á sì jẹ́ nǹkan bí $4,080. Ní oṣù kẹrìnlélógún, á di nǹkan bí $6,900. Kí owó náà tó kọjá $12,000 tí ẹ ti ń rí tẹ́lẹ̀, oṣù kẹrìndínlọ́gọ́rin ni, ìyẹn ọdún mẹ́fà ó lé. Kò sì ní ga ju $13,333 lọ láéláé, torí pé bí oníbàárà bá ti pé 3,333, iye tó ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, 100, ti dọ́gba pẹ̀lú iye tó ń gba ti iwájú wọlé.

Àwọn kan á sọ pé kí a kàn gbé e sí $8. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn sàn jù. Ní $8, oṣù ogún ni owó náà á kọjá $12,000. Àmọ́ ẹ ro gbogbo ohun tó máa dín láàárín oṣù 19 àkọ́kọ́ pọ̀: ó lé díẹ̀ ní $100,000. Ihò tí à ń wí nìyẹn. Iye yẹn ju owó títà oṣù mẹ́jọ lọ, owó tí ẹ ní láti rí níbòmíràn kí ẹ lè san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Ìyẹn sì jẹ́ bí owó $8 kò bá lé ẹnikẹ́ni sá. Bí àwọn tuntun bá fi lọ sílẹ̀ láti 100 sí 70 lóṣù, ó di oṣù kẹrìnlélọ́gbọ̀n kí ẹ tó padà síbi tí ẹ ti kúrò, ihò náà á sì jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ihò yìí ló ń pa ilé-iṣẹ́ kéékèèké. Ìbínú oníbàárà tí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Owó oṣù òṣìṣẹ́ kì í rọlẹ̀.

Ká má parọ́, ìṣirò yìí gbè díẹ̀ fún títà tán, ìyẹn títà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbà pé oníbàárà tuntun 100 á máa wá títí ayé, bẹ́ẹ̀ ọjà kankan kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó nílò sọ́fúwíà yín á ti rà á tán. Níbẹ̀ ni owó oṣooṣù ti ní agbára gidi, torí pé àwọn tó ti wà nílé ló ń bọ́ yín.

Owó tí ẹ kọ sára ọjà kọ́ ni ọ̀gá nínú ọ̀ràn yìí, ìdá àwọn tó ń já kúrò ni. Ẹ fi ìdá náà pín 1, ẹ óò rí iye oṣù tí oníbàárà kan ń lò lọ́dọ̀ yín. Bí ẹni 5 nínú ọgọ́rùn-ún bá ń lọ lóṣù, oṣù 20 ni. Ní $4, oníbàárà kan jẹ́ $80, kò tó $120 tí ẹ̀ bá ti gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ 3, oṣù 33 ni, $133. Bí ó bá jẹ́ 2, oṣù 50 ni, $200. Ọjà kan náà, owó kan náà, àmọ́ iye tí oníbàárà kan jẹ́ ti di ìlọ́po méjì àbọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí iye kan ṣoṣo tàn yín. Oṣù kìíní sí ìkẹta ni àwọn èèyàn ń já jù. Ẹni tó bá ti lo ọdún kan pé kì í tètè kúrò. Nítorí náà, ẹ to àwọn oníbàárà ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí oṣù tí wọ́n wọlé, kí ẹ sì máa tọpa ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń dàgbà kíákíá máa ń ní ẹni tuntun púpọ̀ débi pé ìdá ìjákúrò rẹ̀ á burú ju bó ṣe rí gan-an lọ. Èyí tó ti dẹ́kun ìdàgbàsókè, tirẹ̀ á dára jù lójú.

Apá kan nínú àwọn tó ń lọ kò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ti lọ. Káàdì wọn ló kú, tàbí báńkì kọ owó náà, sọ́fúwíà yín sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: ẹ má ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí owó kọ́kọ́ kọ̀. Ẹ tún un gbà lẹ́yìn ọjọ́ kan, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọjọ́ méje, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ẹ sì fi ímeèlì ránṣẹ́ kí káàdì tó kú, kì í ṣe lẹ́yìn tó kú tán. Visa àti Mastercard ní ètò tó ń fún ọlọ́jà ní nọ́ńbà káàdì tuntun nígbà tí báńkì bá pààrọ̀ ti àtijọ́. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín gba owó bóyá wọ́n ti ṣí i fún yín.

Owó ìgbowó náà kì í ṣe ohun tí a ń fojú rénà. Ní Amẹ́ríkà, iye tí Stripe, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ọlọ́jà gba owó, ń gbà lórí káàdì jẹ́ ìdá 2.9 nínú ọgọ́rùn-ún àti sẹ́ǹtì 30 lórí ìgbà kọ̀ọ̀kan tí owó bá wọlé. Lórí $4, ìyẹn jẹ́ sẹ́ǹtì 41 ó lé, ó ju ìdá 10 lọ. Ní ìgbà 12 lọ́dún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé $5. Bí oníbàárà yẹn bá san $48 lẹ́ẹ̀kan fún ọdún, $1.69 ni wọ́n á yọ. Sẹ́ǹtì 30 yẹn ni kò jẹ́ kí sọ́fúwíà olówó pọ́ọ́kú rí èrè lórí owó oṣooṣù, òun ló sì fà á tí a fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gba ohun tó kéré sí $10 lóṣù pé kó gba owó ọdún.

Bí ẹ bá ń ta ọjà yín nínú App Store, ilé ìtajà sọ́fúwíà ti Apple, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Láti ọdún 2016 ni Apple ti ń gba ìdá 30 lórí owó oṣooṣù tí oníbàárà san ní ọdún àkọ́kọ́, tó sì ń sọ ọ́ di 15 lẹ́yìn tí ẹni náà bá ti san ọdún kan pé. Láti oṣù kìíní ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún lè bọ́ sínú ètò ìdá 15 látìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìtajà náà kò ṣe ọ̀nà gidi kan rí tí ẹ lè gbà ta ẹ̀dà tuntun ní ẹ̀dínwó fún ẹni tó ti ra ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ tó lọ sórí owó oṣooṣù kò lọ nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni kò sí.

Ẹni tó bá fi Adobe, ilé-iṣẹ́ tó ṣe Photoshop, ṣe àwòkọ́ṣe, kó ka ìwé owó wọn pẹ̀lú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013 ni wọ́n kéde pé kò ní sí ẹ̀dà tuntun Creative Suite, àkójọ sọ́fúwíà wọn, mọ́. Photoshop tí wọ́n ń tà ní $699 di ohun tí a ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Owó tó wọlé fún wọn lọ sílẹ̀ láti nǹkan bí bílíọ̀nù $4.4 ní ọdún ìṣúná 2012 sí bílíọ̀nù $4.06 ní 2013. Èrè wọn ṣubú láti nǹkan bí mílíọ̀nù $833 sí $290. Ó di 2015 kí owó tó ń wọlé tó kọjá ti 2012. Wọ́n borí, ó sì pa wọ́n lérè gidigidi lẹ́yìn náà, àmọ́ owó wà nílẹ̀ tí wọ́n fi jẹun títí di ìgbà yẹn, iṣẹ́ àwọn oníbàárà wọn sì ti so mọ́ fáìlì Photoshop. Autodesk, tó ń ṣe sọ́fúwíà ìyàwòrán ilé àti ẹ̀rọ, ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2016, VMware, tó ń ṣe sọ́fúwíà fún àwọn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ńlá, náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejìlá 2023 lẹ́yìn tí Broadcom rà á. Àwọn tí oníbàárà kò rí ibòmíràn sá sí ni gbogbo wọn. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá ẹ̀yin náà rí bẹ́ẹ̀.

Títà tán náà ní àrùn tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Ní 1972, Ronald Coase tó jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé ṣàlàyé pé ẹni tó ń ta ohun tí kì í gbó ń bá ara rẹ̀ figagbága. Sọ́fúwíà kì í gbó. Ẹ̀dà àná ni orogún ẹ̀dà òní. Kí oníbàárà lè tún sanwó, ẹ ní láti fi nǹkan tuntun kún un, bóyá ó nílò rẹ̀ tàbí kò nílò rẹ̀. Bí bọ́tìnì ṣe ń pọ̀ tí sọ́fúwíà sì ń wúwo lọ́dọọdún nìyẹn. Ó tún ń mú kí àwọn òǹkọ̀wé kóòdù máa tọ́jú iṣẹ́ tó ti parí pamọ́ de ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, kí ó lè dà bí ẹni pé ẹ̀dà tuntun kún. Owó á rọ́ wọlé ní oṣù ìfilọ́lẹ̀, á sì gbẹ fún oṣù mẹ́rìnlá tó tẹ̀lé e. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn tó ń lo ẹ̀dà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń pe yín fún ìrànwọ́, ọ̀kan péré nínú wọn ló sì ti sanwó lọ́dún yẹn.

Owó oṣooṣù wo àrùn yẹn sàn, ó sì mú òmíràn wá. Àtúnṣe lè jáde lọ́jọ́ tó bá parí, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ẹ sì ń tọ́jú. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ń wọlé bóyá ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́ máa ń rí i pé ó rọrùn láti mú kí ìjáde nira ju kí ó mú ọjà dára lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ FTC ti Amẹ́ríkà, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, pe Adobe lẹ́jọ́, ó ní wọ́n fi owó ìtanràn pamọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ já ètò ọdún tí à ń san lóṣooṣù, owó tó jẹ́ ìdajì gbogbo ohun tó ṣẹ́kù. Ní Jámánì, láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2022, òfin sọ pé ẹni tó bá ń ta irú ètò bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ fi bọ́tìnì ìfagilé sójú táyé. Ẹ fi tiyín síbẹ̀ kí wọ́n tó fi òfin mú yín. Ẹni tó rí ọ̀nà jáde kedere kì í bẹ̀rù àtiwọlé.

Àwọn kan ń sọ pé owó oṣooṣù jẹ́ ìwà ìwọra ayé òde òní. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM tó kéde ní oṣù kẹfà 1969 pé òun á máa díye lé sọ́fúwíà lọ́tọ̀, ó ń bá ẹ̀rọ rìn ni. Lẹ́yìn náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, lóṣooṣù ni wọ́n ń gba owó sọ́fúwíà àwọn kọ̀ǹpútà ńlá. Sọ́fúwíà inú páálí tí à ń rà tán ni àbúrò.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ ni: kí ni ń ná yín lówó? Bí sọ́fúwíà yín bá ń tọ́jú fáìlì sórí sáfà yín, ìyẹn kọ̀ǹpútà yín tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láti fóònù sí kọ̀ǹpútà, tàbí tó ń pe ẹ̀rọ òye àtọwọ́dá tí ẹ ń sanwó rẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá lò ó, ẹ má tà á tán. Ẹni tó san $120 lẹ́ẹ̀kan tó sì ń ná yín ní $1.50 lóṣù ti jẹ owó rẹ̀ tán ní oṣù ọgọ́rin, láìtíì ka ìrànwọ́ àti owó káàdì, àwọn tó ń lò ó jù ló sì máa ń pẹ́ jù. Àmọ́ bí gbogbo iṣẹ́ bá ń ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó rà á, tí ẹ̀yin kò sì ná kọ́bọ̀ lóṣù yẹn, oníbàárà mọ̀, kò sì ní gbà fún yín. Bí sọ́fúwíà bá ní apá méjèèjì, ẹ là á sí méjì: ẹ ta èyí tó wà lórí ẹ̀rọ, kí ẹ sì gba owó ọdún lórí èyí tó wà lórí sáfà.

Fún apá tí ẹ ń tà, ọ̀nà kan wà tí kò ní gbẹ́ ihò. Ní oṣù kẹsàn-án 2015, JetBrains, tó ń ṣe sọ́fúwíà fún àwọn òǹkọ̀wé kóòdù, kéde owó oṣooṣù, àwọn oníbàárà sì fárí gá. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n fi kún un pé ẹni tó bá san oṣù 12 pé ní ẹ̀tọ́ láti máa lo ẹ̀dà tó wà nígbà tí oṣù 12 náà bẹ̀rẹ̀, títí láé, bó bá tiẹ̀ dẹ́kun sísan. Wọ́n tún ṣèlérí nígbà náà láti dín owó kù fún ẹni tó bá ń bá a lọ: ìdá 20 ní ọdún kejì, 40 láti ọdún kẹta. Ẹ lè mú un rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. $120 ni wọ́n fi rà á, àtúnṣe ọdún kan sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, $60 fún àtúnṣe ọdún mìíràn. Ẹni tí kò bá san, ẹ̀dà tó ní lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ọdún rẹ̀ pé di tirẹ̀. Bí ìdajì àwọn tó san ní ọdún tó kọjá bá ń tún un san lọ́dọọdún, láàárín ọdún mẹ́rin, oníbàárà kan jẹ́ $172.50. Ìyẹn ju $133 òkè lọ, $120 nínú rẹ̀ sì wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ kọ àdéhùn náà kó ṣe kedere. Lọ́jọ́ tí owó sáfà bá tán, ẹ fún wọn ní ọjọ́ 30, lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣì lè ṣí fáìlì wọn, kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì kó o jáde. Ṣíṣe tuntun nìkan ni kí ẹ dá dúró. Ẹni tí ẹ bá há fáìlì rẹ̀ mọ́lé kò ní padà, á sì sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí sọ́fúwíà bá ń béèrè ìfọwọ́sí láti ọ̀dọ̀ sáfà yín kó tó ṣiṣẹ́, ẹ kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí sáfà náà bá kú. Nígbà tí Adobe pa sáfà ìfọwọ́sí CS2, ẹ̀dà àtijọ́ Creative Suite, ní oṣù kejìlá 2012, wọ́n ní láti gbé ẹ̀dà tí kò nílò ìfọwọ́sí jáde fún àwọn tó ti rà á. Ẹ ṣe irú ẹ̀dà yẹn báyìí, kí ẹ fi pamọ́. Kí ẹ sì rántí pé ní ilẹ̀ Yúróòpù, ilé ẹjọ́ àgbà àjọ ìṣọ̀kan wọn dájọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù keje 2012, nínú ẹjọ́ UsedSoft, tó ń ta àṣẹ ìlò àlòkù, àti ilé-iṣẹ́ sọ́fúwíà Oracle, pé ẹni tó ra àṣẹ ìlò tí kò ní òpin lè tà á fún ẹlòmíràn, bó bá ti pa ti orí ẹ̀rọ tirẹ̀ rẹ́. Ẹni tó háyà kò ní ẹ̀tọ́ yẹn. Àwọn amòfin yín lè máa rẹ́rìn-ín sí èyí. Àwọn oníbàárà ńlá máa ń kà á.

Lórí ìwé owó: $96 tí ẹnìkan san fún ọdún kan lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní kì í ṣe owó yín. Ní ìparí oṣù náà, $8 ni ẹ ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. $88 yòókù jẹ́ gbèsè iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni òfin ìṣirò IFRS 15, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2018, ṣe ní kí a kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá ná $88 yẹn tán lórí ìpolówó, tí àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó wọn padà, á rí ohun tí à ń sọ.

Àwọn oníbàárà àtijọ́ ń kọ́? Ohun tí wọ́n rà, tiwọn ni. Ẹ máa tún àléébù ààbò inú ẹ̀dà wọn ṣe fún oṣù 24 ó kéré tán, kí ẹ kọ ọjọ́ tí yóò parí síta, kí ẹ má sì fi ímeèlì ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ dà wọ́n láàmú. Ẹ fún wọn ní ọdún àkọ́kọ́ ní ìdajì owó bí wọ́n bá fẹ́ yí padà. Iye tó bá gbà fún yín nínú wọn máa sọ òtítọ́ nípa ọjà yín ju ìwádìí èyíkéyìí lọ.

Kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn títà, ẹ gbé méjèèjì sórí tábìlì fún oṣù mẹ́fà, fún ẹni tuntun nìkan, kí ẹ sì fi owó tó tó ihò tí ẹ ṣírò pamọ́, pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lórí. Ohun tó máa ń ṣi àdánwò yìí lọ́nà ni àwọn tó san owó ọdún. Kò sí èyí tó máa fara hàn pé ó ti já kúrò títí di oṣù kẹtàlá, nítorí náà ìwé yín á mọ́ lóló fún ọdún kan gbáko. Ẹ wo iye ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí sọ́fúwíà náà kẹ́yìn dípò rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣí i fún ọjọ́ 60, ẹ kà á mọ́ àwọn tó ti lọ nígbà tí ẹ bá ń ṣírò.

Àwa ni tiyín,
Díẹ̀ lára àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ sọ́fúwíà ṣírò owó